Irorẹ́ Tí Kò Bá Ìgbà Èwe Lọ: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Fún Ìgbà Pípẹ́

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16 ní Kàbà, gbogbo ẹni tó bá wo ojú mi ló ń sọ fún mi pé irorẹ́ náà yóò lọ bí mo bá ti parí ìwé mẹ́wàá. Mo parí rẹ̀, kò lọ. Wọ́n ní ó di ìgbà tí mo bá lọ́kọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọge ló ń hó lára mi. Mo lọ́kọ, mo bímọ méjì, mo lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, irorẹ́ ṣì ń yọ ní àgbọ̀n mi àti lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní oṣooṣù. Àwọn tí mo ń kọ ìwé yìí sí ni àwọn tó wà nínú ipò kan náà ní ilẹ̀ Òkun, yálà ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ówé, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ pé ohun tí a ń pè ní pímpù ọmọdé ṣì ń dà wọ́n láàmú. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ni pé irorẹ́ tó ti pẹ́ lára kì í ṣe àìsàn tí a ń lé lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó dà bí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ti pé ìtọ́jú rẹ̀ ní ojoojúmọ́ ló ń mú un rọlẹ̀, bí a bá sì jáwọ́, irorẹ́ á padà wá. Àìmọ èyí ló mú kí èmi fi ọdún púpọ̀ sáré láti orí ìpara kan bọ́ sí òmíràn, tí n kò fi èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ

Ní ìdí irun tín-ín-tín kọ̀ọ̀kan tó wà ní ojú, àyà àti ẹ̀yìn wa, àpò kékeré kan wà tó ń sun ọ̀rá kí awọ má bàa gbẹ. Àwọn họ́mónù tí wọ́n ń pè ní androgen, èyí tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ní, ló ń pàṣẹ fún àpò yìí. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, tí awọ tó ti kú sì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu ihò irun á dí. Bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cutibacterium acnes, tó ń gbé ní ara gbogbo ènìyàn láìṣe ibi púpọ̀, á wá máa pọ̀ sí i nínú ihò tó dí náà, ara á sì gbógun tì í. Ogun yìí ló ń fa wíwú, pípọ́n, ìrora àti ọyún tí a ń rí.

Nígbà tí dókítà kan ṣàlàyé èyí fún mi, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti sọ fún mi ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fà á, nítorí náà ẹni tó bá ń fi kànrìnkàn ha ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ń fi kún wíwú náà ni. Kódà orí dúdú tí a ń rí lẹ́nu àwọn ihò kan ní imú kì í ṣe eruku. Ọ̀rá àti awọ tó ti kú tí atẹ́gùn ti kàn, tó sì ti dúdú, ni. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ búburú tí a gbọ́dọ̀ fi àgbo kíkorò fọ̀. Mo mu àwọn àgbo náà fún oṣù mẹ́rin, inú rírun nìkan ni mo rí gbà níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò ní ojú

Kí a tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ti ń fi sí ojú, nítorí ibẹ̀ ni ìpalára tó pọ̀ jù lọ ti ń wá ní àdúgbò wa.

Ní ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ gíga, mo ra ìpara kan tí wọ́n pò pọ̀ sínú ike tí kò ní orúkọ. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ojú mi mọ́ kedere, ó sì ń dán. Mo sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Ní oṣù kẹta, irorẹ́ kéékèèké tó dọ́gba bí ẹni fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n bo gbogbo iwájú orí mi, awọ ojú mi fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ fi ń ta mí, bí mo bá sì fi ìpara náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, gbogbo ojú mi á wú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni steroid, irú èyí tó yẹ kí dókítà kọ fún àwọn àìsàn awọ kan fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ń pa wíwú lẹ́nu mọ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tan ènìyàn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń bí irorẹ́ mìíràn, ó sì ń mú awọ fẹ́lẹ́.

Nítorí náà, ẹ mú gbogbo túùbù àti ike ìpara yín wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn. Bí ẹ bá rí clobetasol, betamethasone tàbí dexamethasone, steroid ni wọ́n, wọn kì í ṣe fún irorẹ́. Bí ẹ bá rí hydroquinone, ìpara tí ń bó awọ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó láìsí dókítà tó ń bójú tó o. Èyí tí wọ́n pò pọ̀ tí kò sì ní àkọlé kankan ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Irú àwọn ìpara báyìí ni wọ́n sì máa ń bá mercury, tó jẹ́ májèlé, nínú wọn nígbà mìíràn. Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fò: ẹni tó bá ti ń fi ìpara steroid pa ara fún oṣù púpọ̀ tàbí ọdún gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó dá a dúró, nítorí ara lè ti gbára lé e, dídáwọ́ dúró lójijì sì lè mú àìsàn wá.

Oje ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń kọ́? Bí oòrùn bá bá a ní ojú, ó lè jó awọ, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọṣẹ ìfọyín ń yún awọ, ó sì ń gbẹ ẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí kaṣú ti pọ̀ bíi tiwa, mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi epo ara èèpo kaṣú jó irorẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Epo náà ń bó ọwọ́ àwọn tó ń pa kaṣú, mélòó mélòó ni ti ojú. Àwọn kan sì máa ń tú kóró tetracycline aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò sí orí irorẹ́ bí wọ́n ṣe ń tú u sí ojú egbò; kò ràn án lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ àwọn bakitéríà bí wọ́n ṣe lè borí oògùn náà.

Lẹ́yìn èyí ni òróró irun. Bí irorẹ́ yín bá pọ̀ ní iwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ wo bóyá ìpara irun tàbí epo àgbọn tí ẹ fi ń pa orí ló ń ṣàn wá síbẹ̀, pàápàá lóru. Ní ti òrí, mi ò ní bú u. Ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà, ó sì dára fún gìgísẹ̀ àti apá nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi í pa ojú tí irorẹ́ sì ń pọ̀ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ ní ojú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Fífọ ojú

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, àfi bí ẹ bá ti oko tàbí ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú òógùn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànrìnkàn, pẹ̀lú omi tí kò gbóná àti ọṣẹ tí kò le. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú ṣe máa ń le jù fún ojú tó ti ń wú. Bí ojú bá ń fà yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ọṣẹ náà ti le jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí ẹ sì fi ìpara fífúyẹ́ tí kò ní òórùn dídùn sí i. Ojú tó ní ọ̀rá náà nílò ìpara yìí, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, nítorí awọ tó bá gbẹ kò ní lè fara da oògùn.

Àwọn oògùn, àti bí a ṣe ń ní sùúrù fún wọn

Àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ nìyí wà ní àwọn ilé oògùn ńlá. Ẹ ra wọn lọ́wọ́ apòògùn tó gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́, kí ẹ má sì ra èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn.

Benzoyl peroxide ń pa bakitéríà, bakitéríà kì í sì í kọ́ bí wọ́n ṣe lè borí rẹ̀. Ó máa ń wà ní 2.5%, 5% àti 10%. Ẹ mú èyí tó kéré jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ tó èyí tó ga jù, kò sì ń jó ojú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sí ojú ní ọjọ́ kan, kí ẹ sinmi ní ọjọ́ kejì, títí tí awọ yóò fi mọ́ ọn lára. Ó ń bó àwọ̀ aṣọ: mo ti fi ba bùbá àǹkárá méjì jẹ́, nítorí náà mo ya aṣọ ìrọ̀rí funfun kan sọ́tọ̀.

Ẹ̀yà kejì ni adapalene 0.1% tàbí tretinoin, tí ń ṣí ihò irun tó dí tí kì í sì í jẹ́ kí òmíràn dí. Alẹ́ ni a ń lò ó, ní ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, lẹ́yìn tí ojú bá ti gbẹ dáadáa. Gbogbo ibi tí irorẹ́ máa ń yọ sí ni a ń fi í pa, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan, nítorí èyí tí kò tíì yọ ni oògùn yìí ń bá jà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́, awọ lè máa bó, irorẹ́ pàápàá lè pọ̀ sí i díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù. Aboyún àti ẹni tó ń gbìyànjú láti lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Azelaic acid ni mo fẹ́ràn jù láti dárúkọ fún àwa tí awọ wa dúdú, nítorí ó ń tọ́jú irorẹ́, ó ń mú kí àpá dúdú rọ, aboyún sì lè lò ó pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà rẹ̀. Òun ni mo lò nígbà oyún mi kejì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń wọ́n, ó sì máa ń yún ènìyàn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 kí ẹ tó dájọ́ fún un. Ẹni tó gbin iṣu kì í wú ebè wò ní ọ̀sẹ̀ kejì bóyá ó ti ta. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ń fi fóònù ya ojú mi lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, ní àárọ̀, mo sì yẹra fún jígí láàárín ìgbà méjèèjì. Jígí ojoojúmọ́ kì í fi àyípadà han ènìyàn, àwọn àwòrán náà ló fi hàn mí.

Bí irorẹ́ bá pọ̀ jù, dókítà lè kọ doxycycline, oògùn oníkóró tó ń bá bakitéríà jà. Ẹ fi ife omi kíkún gbé e mì, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó lè dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun. Aboyún àti ọmọ kékeré kì í lò ó. Kì í kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan kọ́ ni a sì ń lò, bí kò ṣe pẹ̀lú benzoyl peroxide tàbí adapalene tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tó bá parí.

Ti obìnrin, ti ọkùnrin

Obìnrin tí irorẹ́ rẹ̀ ń yọ ní àgbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù, kó mọ̀ pé họ́mónù ló ń sọ̀rọ̀. Bí nǹkan oṣù bá ń ṣe ségesège, tí irun sì ń hù ní àgbọ̀n tàbí àyà, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní PCOS, èyí tó lè kan ọmọ bíbí pẹ̀lú. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníkóró kan ń mú irorẹ́ rọlẹ̀, nígbà tí abẹ́rẹ́ àti èyí tí wọ́n ń rì sínú apá lè mú un pọ̀ lára àwọn kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó yàn. Dókítà tún lè kọ spironolactone, tó ń dí androgen lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí a ń lò nígbà oyún.

Ní ti ọkùnrin, ohun tó ń wú ní ibi irùngbọ̀n lè má jẹ́ irorẹ́ rárá, ó lè jẹ́ irun tí a fá kanlẹ̀ tó ṣẹ́rí padà wọnú awọ. Ẹ fi bíléèdì sílẹ̀, kí ẹ lo ẹ̀rọ ìgẹrun, kí ẹ sì fi irun díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kókó líle tó ń yọ ní ìpàkọ́ lẹ́yìn ìgẹrun náà yàtọ̀ sí irorẹ́. Bí ẹ bá tètè rí dókítà, kò ní di àpá ńlá. Ẹni tó ń gbé irin, tó sì ń mu whey, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń ṣe láti ara wàrà, kí ó fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì wò.

Àpá dúdú àti oòrùn

Lára awọ dúdú, irorẹ́ kan tó wà fún ọ̀sẹ̀ kan lè fi àpá sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má ṣe tẹ irorẹ́. Títẹ̀ ń ti ọyún wọ inú lọ sí i, ó sì ń mú kí àpá jinlẹ̀. Bí ara yín bá jẹ́ irú èyí tí àpá máa ń ga sókè lára rẹ̀, ewu náà pọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, àyà àti èjìká. Ẹ lo ìpara tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn, tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀) tó 30, kí ẹ sì dé akẹtẹ̀ tó gbòòrò bí ẹ bá ń lọ sí oko tàbí dúró sí ọjà, nítorí oòrùn ń mú kí àpá dúdú pẹ́. Ẹ tún kọ́ láti ya àpá sọ́tọ̀ sí irorẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wo ojú yín. Mo ti jáwọ́ nínú oògùn tó ń ṣiṣẹ́ rí, nítorí àpá àtijọ́ ni mo ń kà mọ́ irorẹ́ tuntun.

Oúnjẹ

Kò sí ẹ̀rí tó dúró dáadáa pé ẹ̀pà ló ń fa irorẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà ọmọge mi. Ohun tí ìwádìí tọ́ka sí jù ni ṣúgà àti oúnjẹ tó ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, àti wàrà lára àwọn kan. Mi ò ní sọ pé kí ọmọ Òkun fi iyán sílẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì funfun ni mo dín kù, ó sì ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kí a lọ sí ilé ìwòsàn

Bí irorẹ́ bá jẹ́ kókó ńlá tó ń dunni lábẹ́ awọ, tó bá ń fi kòtò tàbí àpá gíga sílẹ̀, tàbí tí ẹ ti lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 12 láìsí àyípadà, ẹ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. ECWA Hospital wà ní Ẹ̀gbẹ́ fún àwọn ará Yàgbà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Lókòjà, ti yunifásítì sì wà ní Ìlọrin. Ẹ béèrè fún ìwé tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara. Ẹ kó gbogbo ike àti túùbù tí ẹ ti lò sínú ọ̀rá kan lọ, kí ẹ má sì fi èyíkéyìí pamọ́ nítorí ìtìjú, nítorí ìpara tí a fi pamọ́ ni dókítà kò ní lè bá jà. Oògùn kan wà fún èyí tó le jù lọ, isotretinoin, tó lágbára púpọ̀. Ó ń ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà obìnrin gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́nu ìgbà tó ń lò ó, kó sì máa fètò sọ́mọ bíbí. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìsí dókítà.

Ẹ sọ fún dókítà náà pẹ̀lú bí ọkàn yín ṣe rí. Ní ọjà Kàbà, ènìyàn kì í tíì kí ọ tán kó tó béèrè pé, “Kí ló ṣe ojú rẹ báyìí?” Ọdún méjì wà tí n kò lọ sí ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni nítorí ìbéèrè yìí. Nígbà tí àbúrò ìyá mi tún béèrè, mo dá a lóhùn pé, “Irorẹ́ ni, Mọ́mì, mo ń gba ìtọ́jú, ẹ bá mi fún un ní àkókò.” Kò béèrè mọ́ láti ìgbà náà, ó sì ti ń bá mi dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn. Bí ìbànújẹ́ bá dé ibi tí oorun àti oúnjẹ ti ń kúrò lójú yín, ó ti di ohun tí a ń gba ìtọ́jú fún bíi ti awọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ojú bá mọ́, ẹ má ṣe kó oògùn dànù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bí ẹ ṣe lè dín in kù. Èmi ń lo adapalene ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ báyìí. Irorẹ́ kan tàbí méjì ṣì máa ń yọ ní àgbọ̀n mi kí nǹkan oṣù tó dé. Mi ò ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń rọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún.